Ọ̀wẹ̀ Inú Igbó



Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ọ̀wẹ̀. Bí ilé ẹnìkan bá tó bíbò, tàbí tí koríko bo oko rẹ̀, a pe ará àti ọ̀rẹ́, wọ́n gbé ọkọ́ àti àdá wá, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan a sì parí lóòjọ́. A kì í san owó ọ̀wẹ̀. Oúnjẹ ni a fi ń ṣe é lálejò. Ọ̀wẹ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ti igbó tí ó jẹ́ ti gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Ó fẹ̀ ní hẹ́kítà 75, nǹkan bíi pápá bọ́ọ̀lù 100. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Ṣáájú èyí, àáké ti ń wọ inú rẹ̀, àwọn ojúbọ sì ń wó. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti agbẹ́gilére ìlú náà, ni wọ́n tún un ṣe. Ìyá náà kú ní 2009, ṣùgbọ́n iṣẹ́ igbó kò tán.

Iṣẹ́ wo ni ó kù? Èkíní ni ṣíṣa ike àti ọ̀rá omi, pàápàá lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé ẹ̀kọ.

Èkejì ni ewé Akíntọ́lá. Ẹ̀yin tí ẹ fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹ má bínú sí mi. Ẹ óò máa rí i létí ọ̀nà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Níbi tí igi bá ṣubú tí oòrùn sì wọlé, ó ń bo àwọn ọmọ igi mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó gbẹ, iná a sì bá a wọ inú igbó. Bí ẹ bá ṣá a ládàá, yóò tún rú. Ẹ fà á tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ó tó tanná ní ìparí ọdún, nítorí atẹ́gùn ni ó ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ọ̀wẹ̀ igbó kì í ṣe ọ̀wẹ̀ oko. Lóko, ẹni tí ó ṣán jù ni a ń yìn. Nínú igbó, ẹni tí ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó fi sílẹ̀ ni òṣìṣẹ́. Ẹ má gbá ewé gbígbẹ kúrò. Òun ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀ tètè gbẹ, òun náà ni yóò di ajílẹ̀. Ẹ má gbé igi tí ó ṣubú lọ dáná. Olú ń hù lára rẹ̀, kòkòrò ń gbé inú rẹ̀, ẹyẹ sì ń jẹ kòkòrò. Ẹ má sì fa ohun tí ẹ kò mọ̀ tu. Ó lè jẹ́ ọmọ ìrókò.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ igbó náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó mọ ewé ṣáájú yín. Bí Òṣogbo bá jìnnà sí yín, odò tàbí igbó kékeré kan kò ní ṣàì sí nítòsí ilé-ìwé yín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ ni yóò ráyè bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ igbó, àgbà ni yóò sọ ohun tí yóò fà.