Ọṣẹ Dúdú: Ẹ Jẹ́ Ká Máa Ta Ojúlówó
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá yín sọ ní ìpàdé)

Ọ̀rọ̀ mi ò gùn, ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sè é. Èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n ń sá sóòrùn. Ẹni tó lóko kòkó kékeré, èèpo tó ń dà nù yẹn owó ni. Tó bá ti gbẹ, wọ́n á sun ún di eérú. Wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tó níhò nídìí, wọ́n á da omi lé e, omi eérú á máa kán sílẹ̀. Omi yẹn le o, ó lè bó èèyàn lọ́wọ́, kí ọmọdé má sún mọ́ ọn. Wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á da àdín sí i, wọ́n á máa rò ó títí yóò fi ki. Ẹni tó bá fẹ́ fi òrí tàbí oyin sí i, ìgbà tó bá kúrò lórí iná ni.

Kó sinmi bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kó tó dé ọjà. Èyí tí omi eérú rẹ̀ pọ̀ ju àdín lọ á máa ta èèyàn lára.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ gan-an rèé. Àwọn kan ń po kíríìmù tó ń bóra mọ́ ọṣẹ dúdú, wọ́n ní ó ń mú ara pupa. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn. Mẹ́kúrì wà nínú òmíràn, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè pa ọmọ inú aboyún lára. NAFDAC ò fàyè gbà á nínú ọṣẹ. Tí wọ́n bá ká a mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́, orúkọ gbogbo wa ló bàjẹ́. Ẹni tó wá ra ọṣẹ, ká má ta ọṣẹ́ fún un.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọjà, ẹ bi ẹni tó sè é pé eérú kí ni, òróró wo ni. Ẹ fi díẹ̀ fọ ọwọ́ yín. Tó bá ta yín, ẹ dá a padà. Ẹ wé tiyín sínú ọ̀rá dáadáa, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, pàápàá lásìkò òjò, á máa rọ̀.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó gbé e wá sí ìpàdé. Ọjà á tà o.