Ìsáǹsá Tí Kò Lóríkì: Ọ̀rọ̀ Lórí Sinimá Amí Méjì

N kò ní í jókòó ti ìtumọ̀ amí, nítorí ilẹ̀ tó jagun tó tiwa kì í béèrè ohun tí amí ń ṣe. Ìsáǹsá tí mo sì ní lọ́kàn ni ẹni tó kó àṣírí ìjọba rẹ̀ sábẹ́ aṣọ, tó gbé e tọ ìjọba mìíràn lọ. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Igor Gouzenko ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, akọ̀wé tí ń di ọ̀rọ̀ ní àrokò ránṣẹ́ sí Moscow láti ilé aṣojú ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ní Ottawa. Sinimá méjì ni mo fẹ́ mẹ́nu bà nínú èyí tó gbé ìtàn rẹ̀: The Iron Curtain, tí William Wellman darí ní 1948, tí Dana Andrews àti Gene Tierney ṣe tọkọtaya nínú rẹ̀, àti Operation Manhunt ti 1954, tó sọ nípa ìgbà ìsápamọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí èmi àti àwọn kan ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní bí ìbọn kò bá dún, tí ọkọ̀ kò sì lé ọkọ̀, sinimá amí kò lè mú òǹwòran jókòó. Èmi a sì máa ní kí wọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án 1945, Gouzenko kó ìwé àṣírí 109 jáde, ó gbé e lọ sí ilé ìwé ìròyìn Ottawa Journal, wọn kò kà á sí. Ní ọjọ́ kejì, tòun ti aya rẹ̀ tó lóyún àti ọmọkùnrin wọn kékeré, ó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, kò sẹ́ni tó gbà á, bẹ́ẹ̀ ni olórí ìjọba Kánádà, Mackenzie King, kò fẹ́ kí àárín òun àti Rọ́ṣíà dàrú. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, aládùúgbò kan ní òpópó Somerset ṣílẹ̀kùn fún wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbọ́ bí Vitali Pavlov láti ilé aṣojú Sófíẹ́ẹ̀tì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe fọ́ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ìbọn wo ni a tún ń wá?

Nígbà tí a ń wo The Iron Curtain ní kíláàsì, olùkọ́ wa kan, àgbà tí kì í rẹ́rìn-ín, dá ẹ̀rọ dúró níbi alẹ́ yẹn, ó bi wá pé ta ni ẹ̀rù bà wá fún. Gbogbo wa pariwo orúkọ Gouzenko. Ó ní a kò ríran: ẹni tó ṣílẹ̀kùn, tí kò ní ìwé àṣírí kankan tí yóò fi ra ààbò, ni kí á máa bẹ̀rù fún. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí, tí ẹ ń fò sí ibi ìjà, ẹ kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. N kì í ṣe alágbàwí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà wà láàyè títí di 1982. Orúkọ rẹ̀ ló bá ilẹ̀ lọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni ó fẹ́ wò, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ará Czechoslovakia fún ọmọ mẹ́jọ tó bí, tí kò lè ki wọn ní oríkì baba wọn? Bí ó bá sì yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, aṣọ ni ó fi ń bo orí àti ojú. Èyí gan-an ni Operation Manhunt ní lọ́wọ́, tó fi sílẹ̀, tó gba ti àwọn amí tó ń lé e kiri láti pa á.

Ní ti orin inú The Iron Curtain, tó yẹ kó gba ìdajì wákàtí, gbólóhùn díẹ̀ ni mo ráyè fún: àwọn tó ṣe sinimá náà lo iṣẹ́ àwọn olórin Sófíẹ́ẹ̀tì, Shostakovich, Prokofiev àti Khachaturian, láìgbàṣẹ, a pẹjọ́ lórúkọ àwọn olórin náà ní New York, ẹjọ́ sì dá àwọn olórin náà lẹ́bi nítorí òfin Amẹ́ríkà kò dáàbò bo orin náà. Ti ilẹ̀ Faransé yàtọ̀, ṣùgbọ́n Alága ti ń na aago sí mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó bi mí nígbà ìbéèrè.