Ìlù, Ọnà àti Ilé Ọlọ́run: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Oníṣẹ́-Ọnà Òṣogbo



Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí jẹ́ ti àwọn òṣèré àti àwọn oníṣẹ́-ọnà ìlú Òṣogbo. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ti Òṣogbo kàn wá ní Ìdó, kí ó rántí ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gbéra níhìn-ín nígbà ayé àwọn bàbá wa. Ojú irin náà dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ojú irin nìkan ni mo ṣe yan ọ̀rọ̀ yìí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà ní Òṣogbo tí ó yẹ kí gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọ mọ̀.

Ní 1931 ni a bí Dúró Ládiípọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọ wa ni bàbá rẹ̀. Nítorí náà ìwé orin àti ohùn ẹgbẹ́ akọrin kò ṣàjèjì sí i. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò di sí ìlù àti oríkì tí ó kún ìlú. Ó di olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ó ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù wọ inú rẹ̀. Àríyànjiyàn dé. Àwọn kan wí pé ìlù kèfèrí kò gbọdọ̀ dún nínú ilé Ọlọ́run, kò sì rí àyè fún iṣẹ́ náà níbẹ̀ mọ́.

Kí a má ṣe fi àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà. Ní ìgbà àwọn bàbá wọn, a ń lé Krístẹ́nì kúrò nílé nítorí pé kò bá ẹbí jó ìlù òrìṣà mọ́. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Ṣùgbọ́n ìlù kì í ṣe òrìṣà. Ìlù kan náà tí ó ń ki olórìṣà ni ó ń jí ọba lójú oorun. Òun ni ó ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Òun náà ni ó sì ń tẹ̀lé òkú Krístẹ́nì títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí a ti ń ní kí ó dúró.

Ohun tí ó tún wúwo jù ni ti èdè. Nínú èdè wa, ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọkọ̀. Nígbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin òyìnbó, orin lè gòkè níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀, tí ọkọ̀ yóò di ọkọ́ lẹ́nu akọrin, tí ìjọ yóò sì máa fi ìtara kọ ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni. Gángan kì í ṣe irú àṣìṣe yìí, nítorí ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ni ó ń tẹ̀lé. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù Kàtídírà Krístì ní Èkó láti 1914 títí di 1962, mọ èyí dáadáa. Ó ṣe orin tí ó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1953. Nítorí náà, Ládiípọ̀ kò di ọ̀tẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú ni, lórí ọ̀nà tí kàtídírà ti là sílẹ̀.

Ní 1961 a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn tí a pè ní Mbari, orúkọ tí a mú láti inú èdè Ígbò. Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, J. P. Clark àti Christopher Okigbo wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Ulli Beier ará Jámánì. Níbẹ̀ ni Ládiípọ̀ ti rí irú ilé tí ó ń wá. Ní 1962 ó sọ ilé bàbá rẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń ta ọtí, di ilé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú tí kò gbọ́ Ígbò yí orúkọ náà padà sí Mbárí Mbáyọ̀, bí ẹni tí ó wí pé, bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Ẹ kíyè sí i: ohun tí kò rí àyè nínú ṣọ́ọ̀ṣì rí àyè nínú ilé ọtí.

Ní ọdún náà ó ṣe eré Ọba Mọ́rọ̀. Ní 1963 ó ṣe Ọba Kò So, òun tìkára rẹ̀ sì ni ó ṣe Ṣàngó. Ní 1964 ó gbé e lọ sí Berlin, ní 1965 sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní èdè Yorùbá pọ́ńbélé. Èyí dùn mọ́ mi, ó sì tún dùn mí. Ẹni tí ó fẹ́ fi ìlù kéde Àjíǹde Olúwa ni ó fi ìlù kéde Ṣàngó fún ayé gbọ́. Síbẹ̀ kò gbàgbé ohun tí ó kọ́ lọ́dọ̀ wa: eré rẹ̀ Ẹ̀dá, lórí ikú àti ìjíhìn, ti inú eré àtijọ́ àwọn Krístẹ́nì Yúróòpù wá. Ó kú ní 1978, ní ẹni ọdún 46.

Nínú ilé yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ ti kọ́ àwòrán yíyà, lọ́dọ̀ Denis Williams ará Guyana àti lẹ́yìn náà, ní 1964, lọ́dọ̀ Georgina Beier. Wọn kì í ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ń bójú tó iná mànàmáná fún eré Ládiípọ̀ kí ó tó máa fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán. Òṣèré ni Múráínà Oyèlámì. Oníjó ni Táíwò Ọláníyì, tí a mọ̀ sí Twins Seven-Seven, tí UNESCO fi oyè dá lọ́lá ní 2005. Ní ìlú kan náà, Àṣírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ, ń lu ìtàn Bíbélì sára irin pẹlẹbẹ. Mélòó nínú irin wọ̀nyí ni ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa?

Àwọn ará Kátólíìkì ṣe ju wa lọ nínú ọ̀ràn yìí. Ní 1947, ọdún 15 ṣáájú Mbárí Mbáyọ̀, wọ́n dá ilé iṣẹ́-ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì lábẹ́ Fadá Kevin Carroll. Bàńdélé ọmọ Àrẹ̀ògún ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Lámídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí, sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ìtàn ìbí Olúwa, tí àwọn amòye wọ aṣọ bí ọba ilẹ̀ Yorùbá. Fadá náà san owó iṣẹ́ fún wọn. Mo ń tẹnu mọ́ owó, nítorí ìgbìmọ̀ ìjọ tí ń ra àga àti ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè láìjanpata ni ó máa ń sọ fún ayàwòrán pé iṣẹ́ Olúwa ni, kí ó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Mósè, nígbà tí ó fẹ́ kọ́ àgọ́, kò wá ẹni tí yóò gbà owó tí ó kéré jù; Bẹsalẹli, ẹni tí Ọlọ́run fi ọgbọ́n iṣẹ́-ọnà fún, ni a fi orúkọ pè.

Ẹni tí ó bá ń fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan kò nílò láti dé Èkìtì. Ní àwọn ọdún 1960, Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, ya ibùdó 14 ti Ọ̀nà Àgbélébùú fún ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Paul ní Ẹ̀búté Mẹ́tà. Ní 1969 ó tẹ àwòrán kan náà sórí bébà. Aṣọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ní iṣẹ́ bí ti àdìrẹ, ojú wọn sì jẹ́ ojú àwọn ará ilẹ̀ wa. Bí alága bá gbà fún wa, kí ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn ọ̀dọ́ yan ọjọ́ Sátidé kan, kí a fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìdó lọ wò ó.