Eruku Òkúta àti Ẹ̀mí Òṣìṣẹ́

Ẹni tí ó bá gba Ìrẹmọ kọjá ní Ilé-Ifẹ̀, àdúgbò tí Ọbalùfẹ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, kò ní ṣàì gbọ́ igbe ẹ̀rọ tí ń gé táìsì níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé lọ́wọ́. Níbi tí igbe náà bá ti ń dún, ohun funfun kan a máa rú sókè bí èéfín. Kì í ṣe èéfín. Òkúta ni, òkúta tí a lọ̀ kúnná ju èlùbọ́ lọ, ọmọdékùnrin tí ó ń kọ́ṣẹ́ ni ó sì dúró sí àárín rẹ̀.

Iṣẹ́ òkúta kì í ṣe àjèjì ní Ifẹ̀. Òkúta gíráníìtì ni Òpá Ọ̀rànmíyàn, tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 5. Òkúta ni ère Ìdènà ti igbó Orè. Àga kan tí Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní fi ta Gómìnà Gilbert Carter lọ́rẹ, tí ó sì dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1896, òkúta funfun dídán tí à ń pè ní kúọ́tsì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kúọ́tsì yìí gan-an ni sílíkà. Aráyé yin ọwọ́ tí ó gbẹ́ àga náà. Kò sí ẹni tí ó bèèrè bí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ṣe ń mí nígbà tí ó parí iṣẹ́.

Sílíkà wà nínú gíráníìtì, ó wà nínú yanrìn, ó wà nínú kọnkéré àti nínú táìsì pẹ̀lú. Mábù bíi ti Ìgbẹ́tì kò ní in púpọ̀. Ṣùgbọ́n òkúta àtọwọ́dá tí àwọn olówó ń tẹ́ sí ilé ìdáná lóde òní lè ní in ju ìdá 90 nínú 100 lọ. Èyí tí ojú ń rí nínú eruku rẹ̀ kọ́ ni ó burú jù. Èyí tí ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìbú irun orí kan. Ara ènìyàn ní àwọn ọmọ-ogun tí ń gbé ohun àjèjì mì. Bí wọ́n bá gbé sílíkà mì, àwọn fúnra wọn ni ó ń kú. Ibi tí wọ́n kú sí a di àpá. Àpá a gun orí àpá, títí ẹ̀dọ̀fóró tí ó yẹ kí ó máa fẹ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ yóò fi le gbagidi. Silikósíìsì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó fara hàn, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀ bí eruku bá pọ̀. Kò sí oògùn tí ń dá àpá náà padà sí ẹran. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ikọ́ ife, tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Láti 1997 sì ni àjọ IARC ti ka sílíkà mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rọ nìkan ni ọ̀tá. Ní 1975, ìwé ìròyìn oníṣègùn Thorax gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí ń gbẹ́ ọlọ ní ìhà Àríwá Nàìjíríà. Òòlù ni irinṣẹ́ wọn, síbẹ̀ wọ́n bá àrùn yìí lára ọ̀pọ̀ wọn. Ní Hawk's Nest ní Amẹ́ríkà, ní 1930 àti 1931, wọ́n gbẹ́ ihò gba inú òkè tí ó kún fún sílíkà. Gbígbẹ ni wọ́n ń lu òkúta náà, nítorí pé omi ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ni ó kú, aláwọ̀ dúdú sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọsirélíà ní tirẹ̀ fòfin de òkúta àtọwọ́dá náà pátápátá láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2024.

“Ó ti mọ́ wa lára” ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Eruku kì í mọ́ ẹ̀dọ̀fóró lára. Áńkáṣíìfù tí wọ́n ń so mọ́ imú sì dà bí ajádìí apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń gbe omi: ohun tí ojú ń rí ni ó ń dá dúró. Ìbòmú N95 sàn jù ú lọ fíìfíì, bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, tí irùngbọ̀n kò sì fi àlàfo sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀gá. Àwọn ìyá Ifẹ̀ mọ èyí kí oníṣègùn kankan tó sọ ọ́: bí ọyẹ́ bá mú, wọn a wọ́n omi sí àgbàlá kí wọ́n tó gbálẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni. Ẹ̀rọ ìgétáìsì tí ó ní àwo omi lábẹ́ ń pa eruku níbi tí wọ́n ti ń bí i. Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí a kò gbọdọ̀ fò: ẹ̀rọ oníná ọwọ́ tí a kò ṣe fún omi, tí ẹnìkan wá ń da omi sí, iná rẹ̀ lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá ní èyí tí a ṣe fún omi, kí ó fi irinṣẹ́ ọwọ́ fa ilà sí táìsì kí ó sì ṣẹ́ ẹ, tàbí kí ó gé e ní gbangba, kí afẹ́fẹ́ máa gbé eruku lọ kúrò lọ́dọ̀ òun àti àwọn ẹlòmíràn. Kí wọ́n má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ibi iṣẹ́. Kí oníṣẹ́ bọ́ aṣọ rẹ̀ kí ó tó wọlé, nítorí àwọn ọmọ tí yóò dì mọ́ ọn.

Òfin kò ṣàìsí. Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti 1987 ní kí agbanisíṣẹ́ kápá eruku. Òfin ti 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ ní kí ó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó ní ọmọ-iṣẹ́ méjì lábẹ́ àtíbàbà, ta ni yóò rántí lọ bẹ̀ ẹ́ wò? Onílé tí ó ń na owó ńlá sórí òkúta ni ó lè tètè ṣe é. Kí ó fi owó omi àti ìbòmú kún owó iṣẹ́, kí ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí a gé e ní gbígbẹ nínú yàrá.

Ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, tí mímí rẹ̀ sì ń há nígbà tí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OAUTHC kò jìnnà sí Ìrẹmọ. Kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ikọ́ rẹ̀ wò. Kí ó má sì dúró de ìbéèrè kí ó tó sọ fún oníṣègùn pé òkúta ni òun ń gé, àti ọdún tí òun ti bẹ̀rẹ̀.