Ọ̀sọ̀rọ̀ Omi Ilẹ̀ Áfíríkà àti Ohun Tí Ń Fa Àlejò Dé Ìlú

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú wa

  

A ní kí a sọ̀rọ̀ lónìí lórí àwọn omi ńláńlá tí ń já láti orí àpáta ní ilẹ̀ Áfíríkà, àti ìdí tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń ná owó tí wọ́n sì ń fara da wàhálà láti lọ wò wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni èyí kan ọmọ Kàbà, ọmọ Ìjùmú, ọmọ Yàgbà, ọmọ Bùnú tàbí ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, kí ó mú sùúrù. A ó rìn jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n a ó padà dé ilé kí ọ̀rọ̀ wa tó parí.

Omi tí a ń sọ yìí ni èyí tí ó ń ṣàn bọ̀ jẹ́jẹ́, tí ó dé etí àpáta tí ilẹ̀ sì tán lábẹ́ rẹ̀, tí ó wá já sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Ọ̀sọ̀rọ̀ omi ni a ó máa pè é, nítorí ó jọ omi òjò tí ń já láti etí òrùlé. Bí ó ṣe ń ṣẹ̀dá kò ṣòro láti yé ni. Kì í ṣe gbogbo òkúta ni ó le bákan náà. Bí odò bá ń ṣàn lórí òkúta líle, tí ó sì bọ́ sórí èyí tí ó rọ̀, yóò máa jẹ èyí tí ó rọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, yóò sì fi èyí tí ó le sílẹ̀ lókè bí àtẹ̀gùn. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí igba ọdún; ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni omi fi ń ṣe é.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní Áfíríkà wà lórí odò Zambezi, ní ààlà orílẹ̀-èdè Sáḿbíà àti Sìmbábúwè. Gíga rẹ̀ tó mítà 108, fífẹ̀ rẹ̀ sì ju mítà 1,700 lọ. Nígbà tí odò bá kún, kùrukùru omi a máa gòkè bí èéfín, tí ẹni tí ó wà ní ogún kìlómítà sí ibẹ̀ yóò máa rí i. Nítorí náà ni àwọn ará ibẹ̀ fi sọ ọ́ ní Mosi-oa-Tunya, èyí tí ó túmọ̀ sí èéfín tí ń sán bí àrá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1855 ni David Livingstone, oníwàásù ará Scotland, dé ibẹ̀, tí ó sì fi orúkọ Ọbabìnrin Victoria sọ ọ́. Ṣùgbọ́n omi náà ti ní orúkọ kí ó tó dé. Nígbà tí àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá aráyé ní ọdún 1989, orúkọ méjèèjì ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ orúkọ.

Kí ni àwọn ènìyàn ń lọ wò níbẹ̀? Wọ́n ń lọ wo òṣùmàrè tí ń yọ nínú kùrukùru omi ní ọ̀sán. Bí òṣùpá bá sì mọ́lẹ̀ kedere, òṣùmàrè a máa yọ ní òru pẹ̀lú. Wọ́n ń lọ gbọ́ ariwo tí kò jẹ́ kí ẹni méjì gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Olówó àti tálákà, bí wọ́n bá dúró níwájú irú omi bẹ́ẹ̀, ọgbọọgba ni wọ́n, nítorí omi náà kò mọ ẹnì kankan lójú. A gbà pé ìmọ̀lára yìí wà nínú ohun tí ń mú kí ènìyàn fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, kí ó kọjá òkun, kí ó sì lọ dúró kí omi lè rin aṣọ mọ́ ọn lára.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé gíga nìkan ni ó ń fa àlejò, Mosi-oa-Tunya kọ́ ni ìbá gba iwájú. Ní orí àwọn òkè Drakensberg ní Gúúsù Áfíríkà, omi Tugela ń já ní ìpele márùn-ún, àpapọ̀ gíga rẹ̀ sì tó mítà 948. Ó fi ìlọ́po mẹ́jọ ga ju ti Zambezi lọ. Síbẹ̀, àwọn tí ń lọ sí Zambezi pọ̀ ju àwọn tí ń lọ sí Tugela lọ fíìfíì. Òótọ́ ni pé omi Tugela tín-ín-rín, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nígbà ọ̀dá. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà pẹ̀lú. Ojú irin dé ẹ̀bá Mosi-oa-Tunya ní ọdún 1904. Ní ọdún 1905 wọ́n parí afárá tí ó kọjá lórí ọ̀gbun náà. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ dé ibẹ̀ mọ ọ̀nà tí yóò gbà, ó mọ ibi tí yóò sùn, ó sì mọ ẹni tí yóò mú un rìn. Ìlú méjì, ọ̀kan ní apá Sáḿbíà, èkejì ní apá Sìmbábúwè, ni ó ń jẹun lára omi yìí títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a súnmọ́ ilé. Ní ìlà-oòrùn Gánà, lẹ́bàá ààlà Tógò, omi kan wà tí a ń pè ní Wli, ní ilẹ̀ àwọn Ewe. Kò tóbi bí ti Zambezi rárá. Inú igbó tí a dáàbò bò ni ènìyàn yóò gbà dé ibẹ̀. Yóò kọjá lórí àwọn afárá kékeré bí odò ti ń yí po, àìmọye àdán ni yóò sì rí tí wọ́n so rọ̀ sára àpáta. Àlejò yóò kọ́kọ́ san owó ní abúlé kí ó tó wọlé, ọmọ ibẹ̀ ni yóò sì ṣe amọ̀nà rẹ̀. Igbó náà kò tíì parun, nítorí àwọn tí ó ni ín mọ̀ pé bí igi bá tán, àdán yóò lọ, omi yóò dínkù, àlejò kò sì ní wá mọ́.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ta ni kò mọ Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà? Ìpele méje ni ó ní, ẹni tí ó bá sì gun gbogbo rẹ̀ ti fi ara ṣe iṣẹ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so omi náà mọ́ Akinlá, ọmọbìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, tí ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá láti Ifẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ a sì máa túmọ̀ orúkọ náà sí olú mìíràn. Omi náà kò jìnnà sí ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, nítorí náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Omi Àrìnta náà wà ní Ìpólé-Ìlórò ní Èkìtì. Gúrárà wà ní Ìpínlẹ̀ Niger, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó so Sùlẹ́jà pọ̀ mọ́ Mínnà.

Ọ̀wù sì ńkọ́? Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni Ọ̀wù wà, lẹ́bàá Ọ̀wá-Kájọlà. Gíga rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ, ó sì wà lára àwọn tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Títí di oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí a dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, ìpínlẹ̀ Kwárà kan náà ni àwa pẹ̀lú Ọ̀wù jọ wà. Síbẹ̀, bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè, a mọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ju Ọ̀wù lọ. Omi náà kò ṣẹ̀ wá. Ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ ni kò tẹ́ lọ fún àlejò. Ẹwà tí kò ní ọ̀nà dàbí fìtílà tí a gbé sábẹ́ agbọ̀n.

A ti sọ ohun tí ń fa àlejò. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ń mú kí omi náà fúnra rẹ̀ pòórá. Ní Ùgáńdà, lórí Odò Náílì, ibì kan wà tí a ń pè ní Bujagali, níbi tí odò ti ń fò lórí òkúta, tí àwọn àlejò sì ń wa ọkọ̀ ojú omi fún eré ìdárayá. Ní ọdún 1911 tàbí 1951, ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí i. Ní ọdún 2011, wọ́n sé odò náà nítorí iná mànàmáná, omi sì bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Etiópíà, omi Tis Abay tí òun náà ń rú bí èéfín ti dínkù púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, nítorí wọ́n darí èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ gba ilé iṣẹ́ iná. Kí a tó dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí Bùsà lórí Odò Ọya wa. Níbẹ̀ ni omi ti ń ja àpáta lálá, ibẹ̀ sì ni Mungo Park kú sí ní ọdún 1806. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́ Kàǹjì ní ọdún 1968, adágún bo ìlú àtijọ́ náà àti àwọn àpáta rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Bùsà Tuntun. A kò sọ pé iná kò dára. Àwa náà ń tan iná. Ohun tí a ń sọ ni pé ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kọ́, ọdún mẹ́rin péré lè bò ó mọ́lẹ̀, kò sì ní padà.

Ìparun mìíràn wà tí kò ní ariwo. Igi tí ó wà lórí òkè a máa gba òjò sílẹ̀, ilẹ̀ tí ewé bò a sì máa mu ún, yóò wá máa dá a padà fún odò díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá gé igi náà tí a sì sun igbó lọ́dọọdún, òjò kan náà yóò já, ṣùgbọ́n yóò sáré lọ ní ọjọ́ kan, yóò kó ilẹ̀ oko lọ pẹ̀lú, odò yóò sì gbẹ kí Kérésìmesì tó dé. Àwọn àgbà wí pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

A ti dé ilé wàyí. Kí a má tan ara wa jẹ: a kò ní Mosi-oa-Tunya. Ṣùgbọ́n a ní òkè. Ẹni tí ó bá dàgbà láàrin wa ti rí i bí omi ṣe ń tàn yanranyanran lára àpáta nígbà tí òjò ńlá bá dá. Orí irú àwọn òkè wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wa sá sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídà ń kó ilẹ̀ wa lẹ́rú. Orí ọ̀nà ni a sì wà: ẹni tí ó ti Àbújá wá wo ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé ní Lọ́kọ́ja, tí ó sì fẹ́ lọ sí Èkìtì tàbí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, lè gba Kàbà kọjá. Àlejò ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Kí ni a fún un láti dúró wò?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a fi ń bẹ ẹgbẹ́ yìí. Èkíní ni ọ̀nà àti ààbò. Kò sí ẹni tí yóò lọ wo òkè ní ibi tí ẹ̀rù ajínigbé ti ń bà á, irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sì ti wà lójú ọ̀nà wa ní ọdún àìpẹ́ yìí. Kí a máa tẹnu mọ́ ọn létí ìjọba láìsinmi, kí a sì máa ran àwọn ọdẹ àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣọ́ ìlú lọ́wọ́. Èkejì ni igi orí òkè àti etí odò wa. Kí ìlú fi ẹnu kò lórí ibi tí a kò gbọdọ̀ gé igi tàbí sun igbó, kí ẹni tí ó bá rú òfin náà sì mọ̀ pé ìlú ní ẹnu. Ẹ̀kẹta ni orúkọ. Ọmọ Zambezi ní orúkọ fún omi rẹ̀ kí àlejò tó dé. Nítorí náà ni orúkọ náà kò fi parẹ́. Ọ̀pọ̀ òkè àti odò wa ni ó ní orúkọ àti ìtàn, ṣùgbọ́n orí ahọ́n àwọn àgbàlagbà ni wọ́n wà. Kí a kọ wọ́n sílẹ̀ nísinsìnyí, ní èdè tiwa, kí a tẹ̀ wọ́n sínú ìwé ọdọọdún yìí, nítorí àgbà tí ó bá sùn kò ní jí wá dáhùn ìbéèrè.

Ẹ̀yin ará wa ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Ẹ má ṣe rò pé òyìnbó pẹ̀lú ẹ̀rọ ayàwòrán lọ́rùn ni àlejò àkọ́kọ́ tí a ń retí. Ọmọ yín ni. Bí ẹ bá mú un wálé ní ìparí ọdún, ẹ má ṣe fi í mọ sí inú ilé àti ibi ayẹyẹ nìkan. Ẹ mú un gun òkè, ẹ fi orísun odò hàn án, ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún un, kí òun náà sì pè é kí ẹ gbọ́. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

 Kí ìlú wa máa gbèrú sí i.