Ẹja Wa, Ọjà Wa: Ta Ni Onílé Tí Òfin Ń Sọ?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ ò ráàyè wá.)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ètò ìjọba pé kí ẹja ilẹ̀ wa kọ́kọ́ jẹ́ ti oníṣòwò ilẹ̀ wa. Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ìlaròó ò sí létí òkun." Ó kàn wá o. Erékùṣù Tongeji, níbi tí iṣẹ́ ẹja ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́, abẹ́ Ìpókíá ló wà. Àwọn ọmọ wa ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìlaròó àti Ayétòrò. Àwọn ìyá wa tó ń yan ẹja, tó ń ta Titus, kòtè àti sháwà, ẹ mọ̀ wọ́n.

Òfin ọ̀hún ti pẹ́. Ní 1992 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹja Òkun. Ó ní ọkọ̀ apẹja ńlá, tí wọ́n ń pè ní trawler, kò gbọdọ̀ pẹja ní máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etíkun. Ìyẹn lé díẹ̀ ní kìlómítà 9. Wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ kékeré. Ó dáa. Àmọ́ ẹ bi àwọn apẹja etíkun léèrè, ohùn kan náà lẹ máa gbọ́: ọkọ̀ ńlá ṣì ń wọ ibẹ̀, ó sì ń fa àwọ̀n wọn ya. Òfin tí kò lólùṣọ́, ìwé lásán ni.

Ní 2014, nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dín ẹja yìnyín tó ń wọlé kù. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ máa kó o wọlé, kí òun náà dá oko ẹja sílẹ̀ níbí. Èrò tó dáa ni. Síbẹ̀, ẹ wo inú ìkòkò ọbẹ̀ wa lónìí: Titus, kòtè, sháwà, òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ṣì ti ń wá. Ẹja ilé ò tíì tó wa jẹ.

Ẹ̀ẹ̀kan náà la rí ìlẹ̀kùn títì. Oṣù kẹjọ 2019 ni wọ́n ti bọ́dà pa, wọ́n ní nítorí fàyàwọ́. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sílé epo tí kò jìnnà ju kìlómítà 20 lọ sí bọ́dà. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi sí odò ẹja rẹ̀, níbo ni kó ti repo? Wọ́n ṣí bọ́dà mẹ́rin ní oṣù kejìlá 2020, Ìdírókò ò sí nínú wọn. Ó di oṣù kẹrin 2022 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ará mi, ìlẹ̀kùn tí a tì kì í bí ẹja. Àwọn ará Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sákétẹ́ kọ́ ló jẹ wá níyà. Ìbátan wa ni wọ́n, ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ló là wá sí méjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lára Gánà. Òfin wọn ti 2002 ní ọmọ Gánà ló gbọ́dọ̀ ni ọkọ̀ trawler tó bá ń pẹja lómi wọn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, orúkọ ọmọ Gánà ló wà nínú ìwé, owó àti àṣẹ wà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà. Èrè ń lọ sókè òkun, orúkọ lásán ló kù fún onílé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè: ta ni onílé tí òfin ń sọ? Onílé ni ẹni tó ní ohun èlò, tó ní ìwé, tí wọ́n sì lè rí bá sọ̀rọ̀. Tí a ò bá sí nínú ìwé, ẹlòmíràn á jẹ ìpín wa lórúkọ wa. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀ yín.

Èkíní, kí àwọn tó ń sin ẹja, tó ń yan ẹja àti tó ń ta á fi orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Tí ìrànwọ́ bá dé, ẹgbẹ́ tó níwèé ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

Èkejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ jẹ́ ká dáwó ra cold room kan tó ń lo iná oòrùn. Ẹja tí kò níbi tí a tọ́jú ẹ sí, iye tí oníbàárà bá dá lé e la máa tà á.

Ẹ̀kẹta, ẹ má yá ẹnikẹ́ni lórúkọ yín láti fi gba ìwé àṣẹ. Owó díẹ̀ ni wọ́n máa fún yín, ọjà ọmọ yín ni wọ́n máa gbà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ fèsì sórí gúrúùpù, ẹ sọ ohun tí ẹ lè ṣe, kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Yewa á gbèrú o.