Ẹ̀kọ́ Ìṣirò Owó àti Iṣẹ́ Àkọ́kọ́

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò pẹ̀lú yín lónìí. Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó láti mú ọmọ dé ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ láìkọsẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé ó tó láti mú un dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tó láti mú un wọlé.

A kò wí èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn olùkọ́. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní ìpìlẹ̀. Ní ọdún 1494 ni Luca Pacioli, ará Ítálì, tẹ ìwé tí ó fi ṣàlàyé ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò Venice ń gbà kọ ìwé owó wọn: pé owó tí ó bá jáde ní ibì kan ní láti wọlé sí ibòmíràn, kí a sì kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀méjì. Òfin náà kò tíì yẹ̀ títí di òní, ọmọ tí ó bá sì mọ̀ ọ́n kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo.

Níbo ni ìṣòro wà nígbà náà? Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ kan tí a sábà máa ń fi lé akọ̀wé tuntun lọ́wọ́, èyí ni láti fi ìwé owó ilé-iṣẹ́ wé ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́. Ká ní ìwé ilé-iṣẹ́ wí pé ₦640,000 ni ó wà ní báńkì, tí báńkì sì wí pé ₦585,000 ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn jẹ́ ₦55,000. Nínú ìdánwò, ìbéèrè fúnra rẹ̀ ti sọ fún ọmọ náà pé sọ̀wédowó ₦50,000 kan wà tí a ti gbé lọ sí báńkì ṣùgbọ́n tí báńkì kò tíì kà mọ́ owó wa, àti pé báńkì ti yọ ₦5,000 fún iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ náà yóò yọ ₦5,000 kúrò nínú ti ilé-iṣẹ́, yóò fi ₦50,000 kún ti báńkì, ìwé méjèèjì yóò sì bára mu ní ₦635,000.

Ṣùgbọ́n ní ẹnu iṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un. Ìwé ẹ̀rí sọ̀wédowó náà lè wà ní kíká nínú àpótí tábìlì kan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá a, òun ni yóò sì bèèrè. Bí ojú bá ń tì í nítorí oyè tí ó gbà, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ₦55,000 ti sọnù. Nígbà náà ni a ó pe akápò, ọkùnrin tí kò mú kọ́bọ̀ kan yóò sì gbé orúkọ olè lọ bá aya àti ọmọ rẹ̀ nílé. Kọ̀ǹpútà kò lè gbà wá nínú èyí. Ó ń ṣírò kíákíá, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí a kò fi sí inú rẹ̀.

Àwọn tí ó ṣáájú mọ èyí. Akintola Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di olùṣirò owó àgbà ní ọdún 1949, ti gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú. Oyè nìkan kò sì sọ ọ́ di olùṣirò àgbà. Bákan náà ni ẹgbẹ́ àwọn olùṣirò owó ilẹ̀ wa, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1965, ń bèèrè iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìdánwò. Láti 1973 sì ni ìjọba ti ṣètò kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ kọ́ṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n bí a bá ń rán ọmọ lọ ra oúnjẹ fún ọ̀gá títí oṣù yóò fi pé, kí ni ó kọ́?

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin olùkọ́: ẹ da àpò ìwé ẹ̀rí owó tí kò létò síwájú wọn, kí ẹ má sì sọ èyí tí ó kù. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan ìwé owó lójú yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ rántí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Akápò tí kò rí ilé-ìwé gíga lè mọ ibi tí ìwé wà. Abèèrè kì í ṣìnà. Kí ẹ tó kọ ọ́ pé owó sọnù, ẹ bèèrè, nítorí orúkọ ẹnìkan wà lábẹ́ gègé yín.